Ibà, Oògùn àti G6PD: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè tó ń wọlé lórí G6PD ti pọ̀ ju èyí tí a lè máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, la bá kó wọn jọ sójú kan. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ: G6PD ni ìkékúrú orúkọ ẹ́ńsáìmù kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Nǹkan bí 400 mílíọ̀nù èèyàn lágbàáyé ni tiwọn kò tó. Àjogúnbá ni, kì í ràn, kò sì sí oògùn tó ń mú un kúrò. Ọ̀pọ̀ wọn á lo ayé wọn láìmọ̀ rárá. Àwọn yòókù, ọjọ́ tí àìsàn tàbí oògùn kan bá fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n á tó mọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibà mú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 4. Parasitamọ́ọ̀ nìkan ni mo fún un. Lọ́jọ́ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Àyẹ̀wò ní G6PD rẹ̀ kò tó. Ìyá ọkọ mi ní parasitamọ́ọ̀ tí mo fún un ló fà á. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá ọmọ. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n tó yẹ lẹ fún un, parasitamọ́ọ̀ kọ́. Ibà yẹn fúnra rẹ̀ la máa kọ́kọ́ fura sí. Láàárín àwọn tí G6PD wọn kò tó, àìsàn tí kòkòrò ń fà ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ jù, ó ju oògùn lọ. Ṣùgbọ́n oògùn ló máa ń gba ẹ̀bi, torí ibà àti oògùn jọ máa ń rìn ni. Ta ló ń lo oògùn nígbà tí ara rẹ̀ bá le?

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Ọ́síjìn tó ń gbé kiri fẹ́ máa sọ inú rẹ̀ di ìpẹtà, bó ṣe ń ṣe irin. Èròjà kan tó ń jẹ́ glutathione ló ń pa ìpẹtà yìí rẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti lò tán nìyẹn, àfi kí èròjà mìíràn, NADPH, tún un ṣe. G6PD ló ń pèsè NADPH. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù nínú ara ní ọ̀nà míì tí wọ́n lè gbà rí i. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní. Kò sì lè ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun nígbà tí ti àtijọ́ bá gbó. Èyí tó gbé wáyé ló máa lò dọ́jọ́ ikú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà fi ń kọ́kọ́ fọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ inú wọn sì ń gbìyànjú.

Bí kòkòrò bá wọ ara, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á tú hydrogen peroxide àti àwọn ìbátan rẹ̀ jáde láti fi pa á. Ó dà bí ẹni tó ń da omi gbígbóná sí ìjàlọ, tó wá ta sí ọmọ tó dúró nítòsí lára. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ní G6PD á nù ún kúrò. Èyí tí kò ní, hemoglobin inú rẹ̀, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn, á dì gbagidi, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ń gba inú ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ìhà òsì kọjá, wọ́n á já ibi tó dì yẹn bù kúrò. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ ó rí sẹ́ẹ̀lì tó dà bí bisikíìtì tí ọmọdé gé jẹ lápá kan. Èyí tó bá fọ́ pátápátá á da hemoglobin rẹ̀ sínú omi ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á sì sẹ́ ẹ jáde. Òun ni ìtọ̀ tó dà bí tíì tí ẹ rí yẹn.

Òtútù àyà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àrùn mẹ́dọ̀wú ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń dá a sílẹ̀. Mẹ́dọ̀wú la bẹ̀rù jù nínú wọn: ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ ń pèsè bilirubin, èròjà tó ń mú ojú pọ́n, rẹpẹtẹ, ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ sì ń ṣàìsàn. Ojú aláìsàn á pọ́n gan-an, kíndìnrín sì lè daṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ti parasitamọ́ọ̀, miligíráàmù 15 fún kílò kan ìwọ̀n ara ni. Ọmọ kílò 16 á gba miligíráàmù 240, ìyẹn mílílítà 10 nínú èyí tí wọ́n kọ 120 mg/5 ml sí lára ìgò. Ẹ fi wákàtí 6 sáàárín, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ ka ara ìgò dáadáa o, torí irú èyí tó jẹ́ 250 mg/5 ml náà wà. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ wọn ìyẹn, ìlọ́po méjì ló wọ ọmọ lẹ́nu, kò sì sí ẹ̀dọ̀ tó fẹ́ràn ìyẹn, yálà G6PD tó tàbí kò tó.

Báwo la ṣe máa mọ̀ nílé pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fọ́, kì í ṣe pé omi ló kàn dín lára?

Ẹ jẹ́ kó tọ̀ sínú ife gíláàsì tó mọ́, tí ẹ lè rí òdìkejì rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú bébà funfun, lẹ́bàá fèrèsé, ní ojúmọmọ. Iná yàrá máa ń tan ojú jẹ.

Ìtọ̀ ẹni tí omi dín lára rẹ̀ á pọ́n bí oyin, ṣùgbọ́n bó bá mu omi ife méjì-mẹ́ta, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣí. Ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ pupa rúsúrúsú tàbí kó dúdú, síbẹ̀ kò rú: ẹ ó máa rí bébà gba inú rẹ̀. Omi tí aláìsàn bá mu kì í tètè ṣí i. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ má rò ó. Bí pupa bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife, tí òkè wá mọ́, odindi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, láti inú kíndìnrín tàbí àpò ìtọ̀ ló ti ń wá, ọ̀rọ̀ míì sì ni. Hemoglobin kì í sọ̀ kalẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ á dọ́gba. Bí ẹ bá gbọn ife, tí ìfóòfó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹ fura sí ẹ̀dọ̀.

Oògùn náà ń pa ìtọ̀ láró. Rifampicin tí wọ́n ń lò fún ikọ́ ife máa ń sọ ọ́ di pupa bí ọsàn, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ní láàbù, àmì tó lágbára ni kí ọ̀pá àyẹ̀wò ìtọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ wà, kí maikirosíkóòpù sì ní òun ò rí sẹ́ẹ̀lì pupa kankan.

Bó bá jẹ́ oògùn ló fà á, láàárín wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn tí wọ́n lò ó ló máa ń hàn. Yàtọ̀ sí ìtọ̀, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ bóyá ó ti funfun, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún, bóyá ọkàn rẹ̀ ń sáré tàbí ó ń mí gúlegúle. Ìtọ̀ dúdú nìkan ti tó láti gbéra lọ sí ilé ìwòsàn; ẹ má dúró de àwọn yòókù.

Bébà tí wọ́n fún wa kún fún orúkọ oògùn bí ìwé àkàgbádùn. Ẹ̀rù ti ń bà mí láti lo ohunkóhun. Èwo gan-an ni èèwọ̀?

Bébà gígùn yẹn ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní jàǹbá, ká má purọ́. Ọ̀pọ̀ orúkọ tó wà níbẹ̀ dé ibẹ̀ torí pé ẹnì kan tí kòkòrò wọ̀ lára lo oògùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọ́, wọ́n sì kọ oògùn sílẹ̀ dípò kòkòrò. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń dà á kọ látinú ìwé kan sí òmíràn. Ẹni tó wá tìtorí rẹ̀ sá fún oògùn apakòkòrò, òtútù àyà tó fi sílẹ̀ láìtọ́jú lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bí oògùn yẹn ì bá ti ṣe lọ.

Àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ lóòótọ́ kò pọ̀. Primaquine àti tafenoquine fún ibà. Dapsone fún ẹ̀tẹ̀ àti àwọn àrùn awọ ara kan. Nítorí dapsone ni wọ́n ṣe kó àpapọ̀ chlorproguanil àti dapsone, tó jẹ́ oògùn ibà, kúrò lọ́jà ní 2008. Rasburicase àti pegloticase, tí wọ́n ń fi sínú iṣan láti dín uric acid kù: bí wọ́n ṣe ń tú uric acid ká ni hydrogen peroxide ń jáde, ìyẹn ni pé wọ́n ń da omi gbígbóná yẹn sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Ìkẹfà ni methylene blue. Ìyẹn burú lọ́nà méjì: NADPH ló nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, nítorí náà kò ní wo ohun tí wọ́n fún un fún, á sì tún fọ́ ẹ̀jẹ̀ lé e.

Àwọn kan wà láàárín, tó jẹ́ pé ìwọ̀n àti irú G6PD tí èèyàn jogún ló máa sọ. Nitrofurantoin wà níbẹ̀. Bí oògùn mìíràn bá wà fún àrùn ilé ìtọ̀, ẹ gba ìyẹn. Phenazopyridine, tó ń dín ìrora ìtọ̀ kù, ẹ yẹra fún un pátápátá, torí ó ń pa ìtọ̀ láró pupa, ẹ ò sì ní mọ̀gbà tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Cotrimoxazole ní ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ìwọ̀n ńlá la fi ń ṣọ́ra. Ciprofloxacin wà nínú ìkìlọ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló lè pa kòkòrò náà, ẹ lò ó, kí wọ́n wo PCV (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un wò lọ́jọ́ kẹta.

Amoxicillin, azithromycin, ceftriaxone, artemether-lumefantrine: kò sí èyí tí G6PD dí lọ́wọ́ nínú wọn. Aspirin kékeré ti 75 sí 100 miligíráàmù fún ọkàn kò burú, gíráàmù mẹ́ta lóòjọ́ ni ìjà. (Ọmọdé tí ibà ń ṣe kò gbọ́dọ̀ lo aspirin rárá, ṣùgbọ́n ti ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ nìyẹn, kì í ṣe ti G6PD.) Vitamin C inú èso kò ṣe nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ gíráàmù fà sínú iṣan ni kí ẹ kọ̀.

Bí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ artesunate fún ibà tó le, ẹ̀jẹ̀ lè fọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ara ti yá. Ìyẹn lè ṣe ẹnikẹ́ni, kò bi G6PD. Kí wọ́n máa wo PCV yín lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àbúrò mi nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ ní G6PD rẹ̀ tó. Dókítà míì ní irọ́ ni. Èwo ni ká gbà?

Láàbù kò purọ́, àkókò ni kò bá a mu. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbà tí ẹ́ńsáìmù wọn ti lọ tán ti fọ́ dànù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ́ńsáìmù wọn ṣì pọ̀ ló kù, mùdùnmúdùn sì tún ń tú ọmọ tuntun jáde bọ̀ láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún. Wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ yìí, ó gòkè. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: G6PD ẹni tó fún un lẹ ń wọ̀n. Ẹ dúró tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ fọ́ tàbí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kí ẹ tó tún un ṣe.

Ẹ béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú. Àyẹ̀wò oníkán-ẹ̀jẹ̀ lórí bébà, tí wọ́n ń wò lábẹ́ iná UV, máa ń tàn bí NADPH bá ń jáde. Bí kò bá tàn, G6PD kò tó nìyẹn. Ó dára fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lábẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ló ń mú.

Obìnrin ni mí. Nọ́ọ̀sì kan ní ọkùnrin nìkan ni G6PD ń dà láàmú.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí krómósómù X ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Ọkùnrin ní X kan, nítorí náà bí tirẹ̀ bá bàjẹ́, ó parí. Obìnrin ní méjì, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì máa ń pa ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ìdajì sẹ́ẹ̀lì yín bá lo èyí tó dára, àyẹ̀wò lè sọ pé ẹ wà ní ìdá 50 tàbí 60, kí wọ́n ní kò burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìdá 50: ìdajì pé pérépéré, ìdajì ṣófo. Bí ẹ bá lo primaquine, èyí tó ṣófo á fọ́. Àyẹ̀wò tó ń sọ iye gan-an ni kí ẹ béèrè. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bí, ó lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀, bí ẹni ta owó ẹyọ. Bàbá tó ní in kì í fi í ran ọmọkùnrin rẹ̀, gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gbà á.

Ibà vivax, irú ibà ẹ̀fọn kan, ló ń padà wá bá mi. Wọ́n ní primaquine nìkan ló lè pa èyí tó sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, G6PD mi sì wà ní ìdá 20. Ṣé kí n máa fara da ibà lọ ni?

Rárá o. Primaquine gan-an ló jẹ́ kí aráyé mọ G6PD: ní 1956 ni àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé àìtó ẹ́ńsáìmù yìí ló ń mú kó fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Lílò ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 14 ni kò yẹ yín. Ọ̀nà míì tó wà ni miligíráàmù 0.75 fún kílò kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni kílò 60 á lo 45, ìyẹn hóró mẹ́ta oní-15, lẹ́yìn oúnjẹ. Ìlò kan á fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbó díẹ̀, ara á ti dí i kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ilé ìwòsàn tó lè wo PCV yín kíákíá, tó sì ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má ra á lò fúnra yín. Ọjọ́ kẹta sí ìkeje lẹ́yìn ìlò àkọ́kọ́ la máa ń ṣọ́ jù.

Tafenoquine ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Nínú primaquine, bí ẹ bá dáwọ́ dúró lónìí, ó ti kúrò lára lọ́la. Tafenoquine máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò; bó bá ti wọnú, kò sí ìpadàsẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí G6PD rẹ̀ lé ní ìdá 70 nìkan ni wọ́n ń fún.

Ìlò primaquine lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, miligíráàmù 0.25 fún kílò kan, tí wọ́n ń fi kún ìtọ́jú ibà falciparum kí ẹ̀fọn má baà gbé e kiri, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kò dìgbà tí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò G6PD.

Ọmọ tuntun wa jogún rẹ̀. Kí la máa gbé kúrò nínú ilé?

Káńfọ̀ onínaftalínì tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ ni kó kọ́kọ́ jáde. Òórùn rẹ̀ ń wọlé nímú, ó sì ń gba awọ ọmọ wọ ẹ̀jẹ̀. Aṣọ tó ti wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn títí òórùn yẹn fi lọ pátá kí ọmọ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má fi làálì kun ọmọ lára. Ẹ̀wà fava kò dára fún un, kò sì dára fún ìyá tó ń fún un lọ́mú. Ẹ̀wà fava yìí nìkan ni, kì í ṣe gbogbo ẹ̀wà. Abẹ́rẹ́ vitamin K1 tí wọ́n ń gún ọmọ ní kété tí wọ́n bá bí i kò ní wàhálà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà, ẹ jẹ́ kó gbà á pé, torí ibà tí kò bá ṣe é kò lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ojú pípọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi ìka tẹ iwájú orí àti àyà rẹ̀ lójúmọmọ, kí ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ bí ẹ bá ti gbé ìka kúrò. Oòrùn àárọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ iná aláwọ̀ búlúù ti ilé ìwòsàn. Ọmọ tó ń sùn ju bó ṣe yẹ, tí kò mú ọmú dáadáa mọ́, tó ń ké fíínfín tàbí tó ń tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ, bilirubin ti ń dé ọpọlọ nìyẹn. Wákàtí ni ẹ fi ń kà á, kì í ṣe ọjọ́.

Bí a bá dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìtọ̀ dúdú, kí ló yẹ kí wọ́n ṣe?

Kí wọ́n dá oògùn tí a fura sí dúró, kí wọ́n wá àìsàn tó wà nídìí rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ìyẹn, kí omi sì máa wọ ara kí kíndìnrín má baà dí. Bí hemoglobin bá wà lábẹ́ 7 g/dL, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Bó bá wà láàárín 7 sí 9, tí ìtọ̀ ṣì ń dúdú, ẹ̀jẹ̀ náà ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rọ oògùn ajẹmọ́-irin sí i lára láìnídìí: ẹ̀jẹ̀ tó fọ́, irin inú rẹ̀ kò tíì jáde lára tán, ara á tún un lò. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó lò ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn dání, tòun ti èyí tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan kan.

Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ṣé akunilóorun lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ mi?

Àwọn tó wọ́pọ̀ kì í fọ́ ọ. Nínú àwọn tó ń pa ojú kan kú, prilocaine àti benzocaine ni kí ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yẹra fún. Àwọn kan máa ń pa G6PD pọ̀ mọ́ àìtó ẹ́ńsáìmù mìíràn, cholinesterase, tó ń palẹ̀ suxamethonium mọ́. Oògùn yẹn máa ń rọ iṣan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí cholinesterase rẹ̀ kò tó lè wà láìlè mí fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀rọ ni yóò máa bá a mí. Bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ti pẹ́ kó tó jí tàbí kó tó mí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ ìyẹn lọ́tọ̀, ẹ sọ G6PD lọ́tọ̀.